Ọ̀dà Pupa Lára Ìrókò Ààlà

Àbúrò bàbá mi ló mú àdá dání lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú ọ̀dà pupa. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló ṣá bàbá mi lọ́wọ́, ìdáhùn méjì ni mo ní, mo sì mọ èyí tó wúwo jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ọwọ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi. Ní àdúgbò wa ní Àpòmù, bí bàbá mi bá gbá ọmọ létí, wọ́n á gbọ́ ọ ní ilé kẹta. Èmi ni mo jẹ púpọ̀ jù nínú ìgbátí náà, nítorí pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Bí ó bá gbá mi láàárọ̀, etí mi á máa hó yee títí di ọ̀sán, n ó sì dúró níwájú rẹ̀, n ó máa wò ó, n kò ní sunkún. Ìyá mi náà jẹ nínú rẹ̀. Ọdún tí mo wọ ilé-ìwé girama ni ìyá mi di ẹrù rẹ̀, ó gba Ìkirè lọ, ó gba yàrá méjì lẹ́bàá títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò. Dòdò Ìkirè ni mò ń wí, èyí tó dúdú, tí ata ta sánsán nínú rẹ̀, tí a ń fi ewé pọ́n. Láti ìgbà náà ni mo ti di ọmọ ilé méjì. Bí mo bá fẹ́ sùn dáadáa, mo lọ sí Ìkirè. Bí mo bá fẹ́ rí oko, mo wá sí Àpòmù. Inú fùfù tí mo bá lára bàbá mi, mo ń gbé e lọ, mo ń gbé e bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì.

Ọmọ ìyá kan náà ni bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn ti wá dá oko kòkó sí ọ̀nà Ìkòyí, lẹ́bàá Àpòmù níbí. Kí ó tó kú, ó pín oko náà sí méjì fún wọn, ó sì fi igi ìrókò ńlá kan ṣe ààlà. Ó ní ẹnì kan nínú wọn kò gbọdọ̀ gé igi náà láìjẹ́ pé ẹnì kejì dúró níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ń jà lórí gbogbo nǹkan: ewúrẹ́ tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi tó ṣàn gba oko ẹni, ẹni tó kọ́kọ́ kí ẹni. Lórí ìrókò yẹn nìkan ni n kò tíì rí i kí wọ́n jà rí.

Nígbà tí mo padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì, àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bo kòkó ni mo sọ pé mo fẹ́ kọ́ nípa wọn. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi jẹ́ obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó ní kí n gbàgbé orúkọ igi ná, nítorí pé orúkọ kò sọ bí igi ṣe ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ó ní àbùdá ni kí n máa wò: bí ewé ṣe fẹ̀ tó, bí ó ṣe nípọn tó, bí ara igi ṣe wúwo tó, bí èso rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó ní igi tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́, kíákíá ni í dàgbà, kíákíá náà ni í kú. Èyí tí ara rẹ̀ le ń rọra ṣe é, ó sì ń pẹ́ láyé. Mo bi í bóyá ẹnì kan ti wọn ìdílé tiwa rí. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nídìí ààrò. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ó mú ewé méjì nínú agbọ̀n rẹ̀, ó na ìkíní sí mi.

“Èyí á ya bí dòdò bá gbóná.” Ó na ìkejì. “Èyí ò ní ya láéláé. Ṣé tìtorí ìyẹn náà ni wọ́n ṣe ní kí o lọ sí yunifásítì?”

“Wọ́n fẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ni, Màámi.”

“Ó dáa. Wọ̀n ọ́n kó o wá jẹun.”

Wíwọ̀n kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ìṣirò ni. Sọ́fítíwíà tí a ń lò fún un, orúkọ rẹ̀ kò ju lẹ́tà kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n ìyà tí lẹ́tà yẹn fi jẹ mí, gbogbo lẹ́tà tó kù kò fi jẹ mí láti ilé-ìwé jẹ́léósinmi. Kò ní àwòrán tí ènìyàn ń tẹ̀. Ojú ìwé funfun ni, ìwọ ni o ó kọ àṣẹ sí i. Bí o bá gbàgbé àmì kékeré kan báyìí, bí o bá ṣí àkámọ́ tí o kò pa á dé, á kọ lẹ́tà pupa sí ọ lójú. Mo máa ń jókòó sí iwájú ilé ìyá mi ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ń fún sólà rẹ̀ lágbára, èmi pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mi á sì dojú ìjà kọ ara wa. Mo ń bú u. Ó ń dá mi lóhùn ní pupa. Lọ́jọ́ kan, mo kọ àṣẹ kan nígbà mẹ́jọ, ó kọ̀ ọ́ nígbà mẹ́jọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, mo gbá a létí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo na ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo gbá kọ̀ǹpútà létí. Bọ́tìnì kan fò kúrò lára rẹ̀, ó sì bọ́ sínú epo tí ìyá mi fi ń dín dòdò.

Ìyá mi fi ajere yọ ọ́ jáde. Ó ti yọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi, èyí tó ṣì wà lókè.

“Ọwọ́ bàbá ẹ nìyẹn,” ló sọ, ó sì padà sídìí ààrò.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí ó nà mí lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ tẹ lẹ́tà M, inú ihò ni ìka mi ń bọ́ sí.

Mo kọ́ ọ náà nígbẹ̀yìn. Olùkọ́ mi ló tú u fún mi. Ó ní ìbínú mi ni kò jẹ́ kí n ka ohun tó ń sọ. Ó ní àwọn lẹ́tà pupa wọ̀nyẹn kì í ṣe èébú, ibi tí mo ti ṣìnà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ó wá sọ ohun kan tí n kò kà sí nígbà náà.

“Ohunkóhun tó o bá sọ fún un, á gbà á gbọ́. Kò mọ̀ ọ́ ní òpùrọ́. Bó o bá purọ́ sínú ìlà kan ṣoṣo, òun á gbé irọ́ yẹn dé ìparí.”

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ó wá ku kí n lọ sí oko. Ogójì igi ni mo fẹ́ wọ̀n, mo sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà sí ara ìkọ̀ọ̀kan wọn kí n má baà dà wọ́n pọ̀. Mo lọ ra ọ̀dà ní ẹ̀bá títì ní Àpòmù. Ẹni tó ń tà á ní funfun ti tán, pupa ló kù. Mo rà á. Ọmọ Àpòmù ni mí, n kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń sọ lára igi ní agbègbè wa. Àwọn onígẹdú ni wọ́n ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti bá onígi dúnàádúrà tán, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí i lára, ó di tiwọn, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ló kù. Ọmọdé tó bá rí i á sáré wálé wá sọ pé wọ́n ti ta igi. Mo mọ̀. Mo kàn ń kánjú ni.

Bàbá mi kò lòdì sí i. Ó ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ sára igi òun. “Ṣùgbọ́n kó o tó fọwọ́ kan igi kankan, lọ sọ fún àbúrò mi. Pàápàá ìrókò ààlà yẹn. Lọ kúnlẹ̀, ṣàlàyé ara ẹ.”

N kò lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọdún méjì ṣáájú, níwájú ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ní oríta Àpòmù, Bàbá Kékeré ń sọ ìtàn bí bàbá mi ṣe sún ààlà ní ìsàlẹ̀ oko, níbi tó jìnnà sí ìrókò, èmi sì sọ fún un pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í wí bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ó gbá mi létí. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn ọkùnrin tó ń lẹ táyà rẹ́rìn-ín. Mo búra lọ́kàn mi pé orúnkún mi kò tún ní kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ mi ní nọ́ńbà. Ó ṣe tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, òun ló ń di ọwọ́ mi mú láti fi igi kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀ níbi tí a ń sá kòkó sí. Ó ní kí n máa fa ìlà kékeré sí àárín méje, kí ojú ẹnikẹ́ni má baà kà á sí oókan. Èmi nìkan ni mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo kíláàsì wa.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi bi mí bóyá mo ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” mo ní. “Wọ́n ní kò burú.”

Ó gbà mí gbọ́. Ẹyin lohùn, mo sì ti jù ú sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú oko náà. Àwọn tó ń kọjá lórí títì máa ń rò pé oko kòkó jẹ́ ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Irọ́ ni. Ìjà ni gbogbo rẹ̀. Afàrà ń ti ayùnrẹ́ sẹ́yìn kí òun lè rí oòrùn, àfòmọ́ dì mọ́ kòkó ó ń mu omi ara rẹ̀, èmi náà sì wọ àárín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ọ̀dà. Mo gé ewé. Mo fi irin lu àwọn igi láti fa díẹ̀ yọ nínú ara wọn. Igi ahùn da oje funfun lé mi lọ́wọ́. Arère jẹ́ kí irin wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ìdí ìrókò ààlà, òun ni igi kẹtàdínlógún. Mo kọ nọ́ńbà rẹ̀ gàdàgbà, ní ìhà tó kọjú sí oko Bàbá Kékeré, nítorí pé ibẹ̀ ni èèpo rẹ̀ ti dán. Bóyá nítorí ìyẹn nìkan kọ́. Mo ká ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ lu ú, irin mi kán sí i lára. Mo ní n ó padà wá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo parí àwọn igi tó kù ni Bàbá Kékeré dé. Bàbá mi wà lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tí a sá. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ tí mo kó ewé sí. Àdá wà lọ́wọ́ Bàbá Kékeré, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí, nítorí pé kò sí àgbẹ̀ tí kì í mú àdá dání.

“Ẹ ti ta ìrókò bàbá wa!” Ohùn rẹ̀ ti há. “Lẹ́yìn mi! Ẹ ta á lẹ́yìn mi!”

“Kí lò ń sọ?”

“Ọ̀dà pupa wà lára ẹ̀! Olè ni yín! Olè ni yín, Bọ̀dá mi!”

Bàbá mi kì í ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kàn án, ọwọ́ ló fi ń dáhùn. Ó gbá àbúrò rẹ̀ létí, ó dún dé ilé kẹta. Mo rí i tí orí Bàbá Kékeré yí sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó sì yí padà. Lẹ́yìn náà ni àdá gbéra. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi. “Èmi ni mo kọ ọ́.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè sì wà fún mi láti sọ ọ́, mo ti rò ó títí, àyè wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, bàbá mi á mọ̀ pé n kò lọ sí ibi tó rán mi. Mo dúró, mo di abọ́ mi mú. Bàbá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi bo orí rẹ̀. Ìró rẹ̀ kò ju ti ẹni tó la èso kòkó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ta sórí kòkó, bàbá mi jókòó lulẹ̀ láàárín rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ èsì. Bàbá Kékeré ju àdá nù. Òun ló kọ́kọ́ sunkún. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, ó ń ké pé, “Ẹ gbà mí o, mo ti pa ọmọ ìyá mi.”

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní iṣan mẹ́ta ló já. Wọ́n rán an, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a má retí púpọ̀. Nígbà tí mo dé Ìkirè láti sọ fún ìyá mi, ó ń yí dòdò nínú agbada.

“Ọwọ́ wo?” ló bèèrè.

“Ọ̀tún.”

Ó ní, “Ọlọ́run ò sùn.” Lẹ́yìn náà ó sọ agbada kalẹ̀, ó fi ìborùn bojú, ó sì sunkún títí. N kò tíì rí i kí ó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí ọwọ́ yẹn ṣì ń bà á. Èmi kò sunkún. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òdodo: fún ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn pé ọwọ́ náà kò ní gbá ẹnikẹ́ni mọ́. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan yẹn ṣì wà lára mi.

Ibi tí irọ́ mi ti wá ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá mi, ó sọ fún wọn pé àbúrò òun mọ̀ pé ọmọ òun ló kọ nọ́ńbà sí igi. Ó ní, “Ọmọ mi ti lọ sọ fún un. Ó gbà. Ó kàn ń wá ohun tó máa fi pa mí ni.” Ní àgọ́, Bàbá Kékeré ń búra pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Gbogbo ènìyàn ní òpùrọ́ ni. Àwọn àgbà ẹbí tó lọ bẹ̀bẹ̀ fún un pàápàá ní òpùrọ́ ni, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n ń bẹ̀. Èmi tí mo ti pè é ní òpùrọ́ ní oríta rí, mo gbọ́ ọ, mo pa ẹnu mi mọ́. Ọjọ́ kẹfà ni bàbá mi gbà kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ó wá sọ ohun tó le ju àtìmọ́lé lọ.

“Láti òní lọ, n kò ní àbúrò. Ó ní mo ta ìrókò. Màá tà á.”

Ó sì tà á. Ó ránṣẹ́ sí àwọn onígẹdú, ó sì fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí igi náà. Bàbá Kékeré kò sí níbẹ̀. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ké láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí ìrókò náà ṣubú, ó wó kòkó méjìdínlógún mọ́lẹ̀, láti ìhà méjèèjì ààlà. Wọn kò nílò láti kọ ọ̀dà sí i. Tèmi ti wà níbẹ̀.

Mo sá lọ sí Ìkirè, mo ti ojú bọ iṣẹ́. Mo kó gbogbo ohun tí mo wọ̀n sínú kọ̀ǹpútà. Mo kọ àṣẹ, kò sí lẹ́tà pupa kankan. Ó tò wọ́n fún mi sórí àwòrán, igi kọ̀ọ̀kan di àmì dúdú kékeré kan: ahùn àti arère, àwọn tó fúyẹ́, ní òsì, àwọn tó le ní ọ̀tún. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo ka àwọn àmì náà, wọ́n jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Mo tún wọn kà. Ìrókò kò sí níbẹ̀. Nítorí pé n kò wọn bí ara rẹ̀ ṣe wúwo tó, àlàfo wà ní ìlà rẹ̀, sọ́fítíwíà náà sì ti yọ odidi igi náà kúrò láìbi mí léèrè, ewé rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

Kò ṣòro láti dí àlàfo náà. Ẹlòmíràn ti wọn ìrókò rí níbòmíràn; mo lè mú nọ́ńbà kan tó jọ ọ́, kí n kọ ọ́ sí i, ta ni yóò mọ̀? Mo kọ ọ́ sí i. Kò yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣe iyèméjì. Àmì tó mú wọn pé ogójì yọ sí ọ̀tún, ó dára ní wíwò. Ó gbà mí gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó. Ibi tí mo ti rí i tí ẹnì kan gbà mí gbọ́ báyẹn gbẹ̀yìn, mo mọ̀ ọ́n. Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́. Mo pe olùkọ́ mi lórí fóònù, mo sọ fún un pé wọ́n ti gé igi kan lára àwọn igi mi.

“Kùkùté rẹ̀ ńkọ́?” ló bèèrè. “Lọ gé díẹ̀ wá níbẹ̀. Ohun tó o bá lè wọ̀n, wọ̀n ọ́n. Ohun tí o kò bá lè wọ̀n, sọ pé o kò wọ̀n ọ́n.”

Mo padà sí oko. Bàbá Kékeré ló jókòó sórí kùkùté náà. Ó ti rù. Àwọn onígẹdú ti kó igi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, nọ́ńbà mi sì wà lára rẹ̀. Bàbá Kékeré ti gbé e dúró síwájú ara rẹ̀.

“Ìlà tó wà láàárín méje yìí,” ó ní, “èmi ni mo kọ́ ẹ. Mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn. Ojú mi ti pọ́n.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbójú sókè. N kò rí ìbínú kankan lójú rẹ̀, ìbá sàn kí n rí i.

“Mo fẹ́ bi ẹ́ léèrè nǹkan kan. Jọ̀ọ́, má bínú. Gbogbo wọn ní o wá sọ fún mi. Mo ti rò ó títí. Àbí o wá, tí mo gbàgbé ni? Àgbà ti dé, orí mi lè ti máa dàrú. Ṣé o wá?”

Ọkùnrin tó ti gbá mi létí nítorí pé mo pè é ní òpùrọ́ ló ń bẹ̀ mí kí n bá a wá òtítọ́. Irọ́ mi ti wọ inú orí rẹ̀, ó ti ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

“Mi ò wá, Bàbá. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Mi ò wá rárá.”

Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ó gé ègé kan lára kùkùté náà fún mi. Ó ní, “Kì í ṣe èmi ló yẹ kó o sọ ọ́ fún.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni mo lọ bá bàbá mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn pé kí ó máa fún wà lẹ́bàá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì níbi tí a ń sá kòkó sí. Ègé ìrókò náà wà lọ́wọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ohunkóhun dí àlàfo kankan: pé n kò lọ, pé mo purọ́, pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi kí àdá tó balẹ̀ tí n kò sọ ọ́, pé àbúrò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan.

Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo mọ ojú náà láti kékeré. Mo di eyín mi, mo dijú, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sókè fún un. Inú mi dùn pé ìgbátí náà ń bọ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó gbá mi létí.

Kò dún. Àwọn ìka náà kò nà, wọn kò sì pa dé. Wọ́n fara kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n sì rọ́ bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tó já bọ́ lórí okùn. Mo la ojú. Bàbá mi ń wo ọwọ́ náà. Ó tún gbé e sókè, ó tún gbá mi. Kò dún.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ fi òsì gbá mi.”

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà lé itan rẹ̀, ó fi òsì bò ó.

“Lọ pe àbúrò mi wá,” ló sọ nígbẹ̀yìn.

Mo dìde, mo gba ọ̀nà ilé Bàbá Kékeré lọ. Ní gbogbo ọ̀nà náà ni mò ń retí kí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò hó.